Ta Ló Jí Ohùn Àmínátù?

"Ohùn ta nìyẹn?" Yàhàyá na fóònù sí ìyàwó rẹ̀ lójú bí ẹni na kùmọ̀. "Mo ní ohùn ta nìyẹn, Ìyá Bùkúnmi?"

Àmínátù dúró láàárín pálọ̀, epo tó rọ lọ́jà ṣì ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ohùn náà ń ti inú fóònù jáde ketekete, pẹ̀lú bí òun ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ nílẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tí òun máa ń hú kí òun tó sọ ohun tó bá ṣe pàtàkì. Ohùn náà ní: "Ẹ gbé epo yẹn wá sí ilé. Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sórí iná, ká da àwọ̀ pupa yẹn sí i. Iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn ará Èkó ò ní mọ̀."

Yàhàyá tún un tẹ̀. Ohùn náà tún sọ ọ́.

"Ohùn mi ni," ni Àmínátù wí. "Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ló ti jáde."

Yàhàyá rẹ́rìn-ín ìbínú. Ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ rí pé ohùn èèyàn ń dá rìn láìsí ẹni tó ni ín. Èèyàn ló ń parọ́, ó ní, ohùn kì í parọ́.

Toyyibat, ìyàwó kejì, jókòó sórí àga, ó fọwọ́ lérán. Ó rọra dìde, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáálé rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó sọ pé Ṣàítánì ló ti òun, kó tọrọ àforíjì, bó pẹ́ bó yá, ayé á gbàgbé. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ẹ ò rí ẹ̀dá! Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun báláú ló ń tu síta. Òun gan-an ló ṣe ohùn náà. Kò sì torí ohun méjì ṣe é ju pé ó fẹ́ kí orúkọ ẹlòmíì kú kí tirẹ̀ lè yè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìsọ̀ kan péré ni Àmínátù ní tẹ́lẹ̀ ní Ọjà Ọba Ìkẹ́rẹ́. Epo pupa ìlú Emùrè ló ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ síbẹ̀, tó máa ń dúró ti àwọn tó ń fún un, tó máa ń tọ́ ọ wò lórí àtẹ́lẹwọ́ kó tó gbà pé kí wọ́n rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ará ọjà mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í parọ́ fún oníbàárà, tí kì í sì í bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Yàhàyá mú Toyyibat wálé láti Ìbàdàn, níbi tí ọkùnrin náà ti ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo àdúgbò ń retí ìjà orogún. Ìjà ò ṣẹlẹ̀. Àmínátù tọ́jú yàrá fún un, ó sì ní kó máa bá òun lọ sọ́jà.

Toyyibat ló sọ pé epo tó dára báyìí kò yẹ kó mọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ó ṣí ojú ìwé lórí Fesibúùkù, ó dá ẹgbẹ́ oníbàárà sílẹ̀ lórí Wasáàpù, ó ń ya àwòrán epo nígbà tí oòrùn bá tàn sí i. Àmínátù kì í fẹ́ tẹ lẹ́tà. Ṣe ni yóò gbé fóònù sẹ́nu, tí yóò máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Á kí wọn, á béèrè ọmọ, á sọ bí epo ọ̀sẹ̀ náà ṣe rí. Bí kò bá dára tó, á ní kí wọ́n dúró de òmíràn. Ohùn yẹn làwọn èèyàn fẹ́ràn. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó àti Àbújá ní bí àwọn bá gbọ́ ọ, ó dà bíi pé ìyá àwọn ló pè. Kò pẹ́ tí kẹ́ẹ̀gì Àmínátù fi ń kún inú bọ́ọ̀sì ní ìdíkọ̀.

Gbogbo ẹnu ló ń yin ohùn. Kò sẹ́ni tó yin ọwọ́ tó ń tẹ fóònù. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó ti Àkúrẹ́ wá béèrè pé ta ni ọmọge tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀. Àmínátù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ tó ń bá mi tẹ fóònù ni." Kò ro ibi sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Toyyibat lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ó lè sọ nígbà náà pé ó dun òun. Ó lè béèrè ìpín tirẹ̀ nínú òwò. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìlara ló ń bá a jẹun, ìlara ló ń bá a sùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ẹ̀rọ kan hàn án lórí fóònù, irú èyí tó ń sín ohùn èèyàn jẹ. Bí wọ́n bá ti fún un ní ohùn ẹnìkan tó tó, ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i, á sọ ọ́ jáde lóhùn onítọ̀hún. Àwọn kan ń fi irú rẹ̀ kàwé fún afọ́jú. Toyyibat ní ohùn ìyáálé rẹ̀ lọ́wọ́ jaburata. Ó kó wọn fún ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó tẹ irọ́ sí i, ẹ̀rọ sì fi ohùn Àmínátù sọ ọ́. Ó wá fi nọ́ńbà àjèjì jù ú sórí Wasáàpù. Kó tó di Alásárì ọjọ́ náà, ó ti dé Àbújá.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá kẹ́ẹ̀gì padà. Oníbàárà tó ti ń pè é ní màmá ń pè é ní apànìyàn. Àwọn tí kò ra epo rẹ̀ rí láyé ń ṣépè fún un. Bùkúnmi, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, pè pẹ̀lú ẹkún pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń fi ohùn ìyá òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ tó na fóònù sí i lójú ní pálọ̀ ni Yàhàyá dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní kí Àmínátù lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn elépo, kó jẹ́wọ́, kó sì gbé fóònù òwò fún Toyyibat kí ọjà má bàa kú pátápátá.

Àmínátù yíjú sí i.

"Bàbá Bùkúnmi, ó ti tó ogún ọdún tí a ti jọ ń gbé ulé yìí. Ẹ rí mi rí tí mo bu omi sí epo?"

Yàhàyá ní ohun tí etí òun gbọ́ lónìí ni òun mọ̀.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí etí yín gbọ́ èyí náà. Mi ò ní kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe. Mi ò sì ní kó ẹrù jáde nínú ulé yìí, torí mi ò wá bí àlejò. Ọlọ́hun nìkan ni mò ń forí kanlẹ̀ fún."

Inú bí ọkọ rẹ̀. Ó já fóònù òwò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé Toyyibat lọ́wọ́. Toyyibat ṣe bí ẹni kọ̀ ọ́, ó ní òun ò lè gba ohun ìyáálé òun. Ìka rẹ̀ sì ti dì í mú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, orúkọ ti yí lójú ìwé náà: Epo Toyyibat, ojúlówó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gba òwò lọ́wọ́ "ẹni tó kó ìtìjú bá wa", àti pé kí àwọn oníbàárà fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni ọ̀tá wà níhìn-ín. Inú ilé ni aṣeni ń gbé, orí àga kan náà ni wọ́n sì ń jókòó.

Ẹlòmíì ì bá fara pamọ́. Àmínátù ò fara pamọ́. Láràárọ̀ ni yóò kírun, tí yóò we gèlè rẹ̀ dáadáa, tí yóò gba ọjà lọ, tí yóò jókòó ti epo tí ẹnikẹ́ni ò rà. Àwọn ọmọ tó ń kọjá á gbé fóònù sókè, wọ́n á tẹ ohùn náà sí i létí. Wọ́n rò pé yóò sunkún. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, mi ò gbọ́ ọ tán." Ó sì ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ léraléra ni etí rẹ̀ ti là sí nǹkan kan. Ó pa á mọ́ sínú.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn elépo pè é sí ìpàdé. Màmá Dorcas ni olórí wọn, ọmọ ìjọ Àńgílíkà kan tó ti ń ta epo kí Àmínátù tó lọ́kọ. Gbogbo wọn ti fẹnu kò pé kí wọ́n lé e kúrò ní ìlà àwọn elépo, nítorí pé àbàwọ́n ẹnìkan ti ń kan gbogbo wọn. Màmá Dorcas béèrè bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ kí wọ́n tó ṣe é. Àmínátù ní kí wọ́n fi ohùn náà sẹ́nu gbohùngbohùn ọjà, kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ.

Àwọn obìnrin kùn. Èyí tó wà níwájú pòṣé, ó ní ojú ò ti obìnrin yìí rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Ohùn náà bú jáde, ó gba ọjà kan. Àmínátù ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe.

"Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà," ló wí, "ẹ sọ fún mi. Kí ni mò ń pe ubi tí mò ń sùn?"

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ní, "Ulé."

"Kí ni mò ń dá sábẹ́ ùkòkò?"

"Uná," ni ẹni méjì mẹ́ta wí.

"Kí ni mo máa ń wá ṣe lọ́jà láràárọ̀?"

"Uṣẹ́," ni gbogbo wọn dáhùn, ojú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀.

"Ẹ wá tún un gbọ́."

Ohùn náà tún jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Ilé. Iná. Iṣẹ́. Àwọn obìnrin wojú ara wọn. Ìyá arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí. "Ọ̀yọ́ lèyí ń sọ," ló ní. "Àmínátù ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kọ́ nìyí. Láti kékeré títí dòní, mi ò gbọ́ Ọ̀yọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí." Ẹ̀rín gba ìlà àwọn elépo. Àwọn tó ti fẹ́ lé e jáde ń sá wá dì mọ́ ọn. Àmínátù jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Màmá Dorcas fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tó ṣe èyí mọ ohùn rẹ̀, kò mọ ẹnu rẹ̀. Ó wá bi í léèrè ẹni tó ń sọ Ọ̀yọ́ nínú ilé rẹ̀. Kò sí nínú ilé náà bí kò ṣe ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn. Àwọn obìnrin kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti ń wá igi, wọ́n ní àwọn ń lọ bá Toyyibat nílé nísinsìnyí. Àmínátù dí wọn lọ́nà.

"Wọ́n dá mi lẹ́bi láìrí mi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ ṣe urú ẹ̀ fún ẹlòmíì nítorí mi. Bó bá jẹ́ òun ni, á hàn."

Ìròyìn yìí dé etí Yàhàyá nídìí ọjà tirẹ̀. Ọdún tó lò ní Ìbàdàn ti jẹ́ kí Ọ̀yọ́ mọ́ etí rẹ̀ lára, òun àti Toyyibat ò sì sọ nǹkan mìíràn nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó gbọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè wo ìyáálé ilé rẹ̀ lójú. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ nílé pé òun ń lọ ra ọjà ní Àkúrẹ́. Bó ṣe dé oríta, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà Ìṣè, ó kọrí sí oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀, níbi tí Ádámù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Ìmọ̀ràn ló ń wá.

Toyyibat náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ìpayà mú un. Dípò kó jẹ́wọ́ kó sì sinmi, ó rò ó pé bí ọkọ bá máa kẹ̀yìn sí òun, kí òun ti ní nǹkan lọ́wọ́. Kòkó ọdún náà ti gbẹ, ó wà nínú àpò lóko, ó ń dúró de ẹni tó máa rà á. Toyyibat tún jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ohùn ọkọ ló fi sí i lọ́tẹ̀ yìí.

Ádámù àti Yàhàyá jókòó lábẹ́ ahéré, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Yàhàyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu sọ ohun tó gbé e wá ni fóònù Ádámù dún. Ádámù wò ó, ó ní Toyyibat ló fi ohùn ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi Yàhàyá ni. Fóònù mi ti kú, ti Toyyibat ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ kí n tó lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ kó gbogbo kòkó fún un, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Èmi ni mo ní kó wá."

Ádámù wo fóònù. Ó wo àbúrò rẹ̀ tí iṣu kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Yàhàyá," ló ní jẹ́jẹ́, "ta wá ni mo ń bá jẹun?"

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Yàhàyá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tún un tẹ̀, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń ja ara rẹ̀ lólè, ohùn rẹ̀ gan-an, kò lé, kò dín. Ó rántí obìnrin tó dúró láàárín pálọ̀, tí òun na fóònù sí lójú. Ó bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọdé níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ádámù ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní kó dìde, kí àwọn máa lọ sílé.

Wọ́n bá Toyyibat ní pálọ̀, ó ti múra, ó ń dúró de ọkọ̀ tó háyà. Nígbà tó rí àwọn méjèèjì papọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àpò ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ádámù ò kí i. Ó tẹ ohùn náà, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí tó fi parí.

Toyyibat ní àwọn ọlọ́ṣà orí fóònù ló ṣe é. Ó ní òun máa fi Kùránì búra. Ádámù ní kó má dé ibẹ̀, torí ẹni tó bá fi Kùránì bo irọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń bo iná. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ nígbà tí Àmínátù ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní apá rẹ̀. Ó wo Toyyibat.

"Sọ ọ́," ló ní. "Ẹnu ara rẹ ni kó o fi sọ ọ́."

Ohun tó wà nínú Toyyibat bú jáde. "Èmi ni mo ṣe é! Ta ló ṣí ojú ìwé? Ta ló mú epo yín dé Àbújá? Èmi ni. Kí ni ẹ sì pè mí níwájú èèyàn? Ọmọ tó ń tẹ fóònù!"

Àmínátù mọ̀ pé òun sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ó dùn ọ́, o ò sọ fún mi," ló wí. "Ẹ̀rọ lo lọ sọ fún. Ká ní o béèrè ohun tó tọ́ sí ọ, ọwọ́ mi méjèèjì ni ǹ bá fi fún ọ. Orúkọ mi lo mú dípò rẹ̀."

Yàhàyá bú u ní ọ̀dàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Àmínátù di ọwọ́ náà mú lókè.

"Ẹ má lù ú. Ẹ̀rọ ló parọ́ mọ́ mi, ẹ̀yin lẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ ò bá mi gbélé fún ogún ọdún."

Ọwọ́ Yàhàyá wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, níwájú Ádámù, Toyyibat gbé fóònù síwájú ojú ara rẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí irọ́ náà ti dé tó mọ̀. Kò dé gbogbo ibẹ̀. Irọ́ ti sáré ju òótọ́ lọ, títí dòní ni àwọn kan ṣì ń pín ohùn àkọ́kọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ó dé ibi tó pọ̀. Àwọn tó ti ń ra Epo Toyyibat sá lọ bí eṣinṣin tí wọ́n lé. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti dé ibẹ̀ kó tó dé. Wọ́n ní bó bá pe ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lórí fóònù báyìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé ṣé òun ni, àbí ẹ̀rọ. Ẹni tó fi ohùn ẹlòmíì ṣeré ni, kò sí ẹni tó tún gba tirẹ̀ gbọ́. Ó tọ́ sí i.

Yàhàyá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, ó ní kí Àmínátù dárí ji òun. Àmínátù gba fóònù rẹ̀ padà, ó nu ojú fóònù náà mọ́ ìró, ó ní, "Ubi tí ẹ ti ní kí n lọ kúnlẹ̀, ubẹ̀ ni kí ẹ lọ. Kì í ṣe unú ulé ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́."

Ọkùnrin náà sì lọ. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó dúró ní ìlà àwọn elépo, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́, Màmá Dorcas sì gbé gbohùngbohùn fún un. Ó sọ pé òun ní ìyàwó tí kò parọ́ fún òun rí, òun sì gba fóònù gbọ́ jù ú lọ. Ó sọ pé òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń pa á lára. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Ó wá yíjú sí ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Bùkúnmi, ṣé o gbọ́ mi?"

Àmínátù ń fi àrọ rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì fún obìnrin kan, àwọn mìíràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbé orí sókè títí epo náà fi kún dé ọrùn, tó fi dé e.

"Mo gbọ́," ló ní. "Ẹ sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dí àwọn tó fẹ́ ra epo lọ́nà."

Yàhàyá sún.